Gàní Tí A Ṣe Fídáù Fún Kò Kú

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà wa, ẹ kú òjò tí mo gbọ́ pé ó ń rọ̀ nílé láìdáwọ́ dúró. Èmi Rùkáyátù ni mo kúnlẹ̀ láti Jẹ́dà kí yín o. Mo kí Bàbá Lémọ́mù mọ́sálásí wa. Mo kí Àǹtí Sìkírá, àbúrò yín, àti gbogbo ìyàwó ilé. Mo sì kí gbogbo ẹ̀yin ará Ìwó tí ẹ dáwó jọ láyé ọjọ́un kí ẹ̀gbọ́n mi Gàní lè lọ kàwé nílùú Òyìnbó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kàn yín, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé lẹ́tà tí mo kọ sí ìyá mi síta kí gbogbo ayé lè kà á.

Màámi, lọ́jọ́ Àlàrùba tí mo pè yín tí mo ní Gàní wà lọ́dọ̀ mi, ẹ ní kí n má fi òkú ọmọ yín ṣeré. Mo gbé fóònù fún un, ó pè yín, ẹ sì sọ pé àwọn oníjìbìtì ti ní ẹ̀rọ tó ń sín ohùn ènìyàn jẹ báyìí. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ aládùúgbò yín, ẹ ní fọ́tò náà ṣeé ṣe lọ́wọ́. Ẹ pa fóònù, mo pè títí, ẹ ò gbé e. N ò bínú. Bó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí n bá ṣe á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n fídáù Gàní, gbangba la ti ṣe é. A pa màlúù, a pe àwọn áfáà, àwọn èèyàn jókòó títí dé ojú títì. Ìròyìn pé kò kú náà, gbangba ló yẹ kó ti wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ẹ mọ̀ pé ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan níbí. Iṣẹ́ náà kò burú. Wọ́n ń sanwó lásìkò, íkámà mi, ìyẹn ìwé tí àlejò fi ń gbé ìlú yìí, sì wà ní pípé. Ohun tó ń sú mi ni ooru àti ìdáwà. Ooru Jẹ́dà kì í ṣe ooru Ìwó. Nílé, bí ènìyàn bá ti bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò, ara á tù ú. Tibí, òkun wà nítòsí, atẹ́gùn rẹ̀ sì dà bí èémí ẹni tí ibà ń ṣe, ó gbóná, ó sì tún rin. Aṣọ á ti lẹ̀ mọ́ni lára kéèyàn tó sọdá títì. Ti ìdáwà, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni mo máa ń gbọ́ Yorùbá tẹ́rùn, tí mo bá lọ kí àwọn ará wa ní àdúgbò Kàràntínà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, bí mo bá kí wọn ní Yorùbá, Lárúbáwá ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ọlọ́hun ló fi Fúnmiláyọ̀ ọmọ Iléṣà jíǹkí mi, nọ́ọ̀sì bíi tèmi, tí a jọ ń gbé yàrá kan. Kìrìsìtẹ́nì ni. Á máa ka Bíbélì rẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi náà á máa kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. A kì í dí ara wa lọ́wọ́.

Àwa méjèèjì ni ilé ìwòsàn wa rán lọ́jọ́ Àtàláátà sí ibi eré orin kan létí òkun, kí a jókòó sí àgọ́ ìtọ́jú, kí a máa wo ẹni tí ooru bá mú. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé eré orin wà ní ìlú yìí. Ìlú ti yí padà, àwọn ọ̀dọ́ ibí ń lọ wòran báyìí, ọkùnrin lóbìnrin. Ẹgbẹ́ olórin kan ló ń bọ̀ láti Ìlú Ọba. Bí a bá túmọ̀ orúkọ wọn sí èdè wa, ó ń jẹ́ Yàrá Tútù. Ìdajì orin wọn gìtá àti ìlù ni, ìdajì kejì jẹ́ ẹ̀rọ oníná tó ń dún bí ìrẹ̀, bí ẹ̀rọ ìránṣọ, bí omi tó ń kán sínú ike. Èmi ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Fúnmiláyọ̀ ló mọ̀ wọ́n. Ó ní kò sí ọmọdé tí kò tíì fi ọ̀kan nínú orin wọn jó lórí fóònù.

Mo ti kírun Àsárì tán. Àwọn olórin ń dán ẹ̀rọ wọn wò, èrò ò tíì wọlé. Mo ń to àpò omi tí a máa ń fà sí aláìsàn lára sórí tábìlì. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn Bàbá nìyẹn.

Màámi, n ò sọ pé ó jọ ohùn Bàbá. Ohùn Bàbá ni. Ó jáde láti inú àwọn ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó ga ju ilé wa lọ, ó wú ikọ́ yẹn, èyí tó máa ń wú kó tó sọ̀rọ̀, ó wá ní: “Hàló, hàló. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Gàní, ṣé ó ń dún?” Ìlù sì bọ́ sórí rẹ̀, orin bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ bàbá wa, Bàbá Onírédíò ni wọ́n ń pè é ní Ìwó. Ó ń tún rédíò àti tépù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun náà sì ni ládánì tó ń pèrun ní mọ́sálásí àdúgbò wa. Tí agbóhùnsókè mọ́sálásí bá bàjẹ́, òun ló ń tún un ṣe. Gàní, àkọ́bí rẹ̀, á gun òkè lọ so wáyà, Bàbá á dúró sísàlẹ̀, á máa kà, á máa bi í léèrè bóyá ó ń dún. Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ ọ rí. Gàní lọ sílùú Òyìnbó lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí Bàbá ti sọ fún wa pé mọ́tò pa á síbẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀, a sin ín ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Òkú méjì ló dé sí mi létí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ń pe èkejì lórúkọ, ní Jẹ́dà, ní ojúmọmọ.

Àpò omi bọ́ lọ́wọ́ mi. Fúnmiláyọ̀ ń béèrè ohun tó ṣe mí. Kò pẹ́ rárá tí ariwo sọ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, tí ọkùnrin méjì sì gbé ẹnì kan wọlé wá bá wa. Wọ́n ní ooru ló mú un, pé ó ṣubú lórí dùùrù rẹ̀. Adúláwọ̀ ni, ó wọ aṣọ dúdú, irun àgbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun díẹ̀díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí ọwọ́ nọ́ọ̀sì mọ iṣẹ́ kódà bí orí rẹ̀ bá ti dàrú. Mo tú bọ́tìnnì rẹ̀, mo gbé aṣọ tútù lé e lọ́rùn, mo wá iṣan. Nígbà tí mo wá gbójú sókè wo ojú rẹ̀, imú Bàbá ni mo rí. Etí yín ni mo rí, Màámi, etí yín tó yọ síwájú bí ẹni ń gbọ́ òfófó.

Mo fi Yorùbá bi í léèrè ẹni tó ni ohùn tó ń dún níta. Ó la ojú. Ó wò mí pẹ́. Ó wá pè mí ní Rùká Ẹlẹ́kún.

Ta ló tún ń pè mí bẹ́ẹ̀? Òun nìkan ló fún mi lórúkọ yẹn nígbà tí mo wà ní kékeré tí mo máa ń sunkún lórí gbogbo nǹkan. Mo figbe ta, mo sì sá jáde. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé wá tọ́jú aláìsàn ló ń sá fún aláìsàn lórí iyanrìn, tí sálúbàtà rẹ̀ kan sì bọ́ sílẹ̀. Fúnmiláyọ̀ ló parí ìtọ́jú náà. Ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn ọkọ̀ kan, ó dì mí mú. Ó ní òun ti fọwọ́ kan ọkùnrin náà, ara rẹ̀ gbóná, ó sì ń làágùn. Ó ní òkú kì í làágùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n lè dìde.

Nígbà tí mo padà wọlé, ẹ̀yin ni Gàní kọ́kọ́ béèrè. Mo ní ara yín le. Ó ní Bàbá ńkọ́? Mo sọ fún un. Kò sunkún. Ó ń wo omi tó ń kán sọ̀kalẹ̀ nínú rọ́bà, ó ń kà á lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó béèrè ìdí tí gbogbo wa fi kọ òun sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ikú Bàbá tó òun létí. Mo ní báwo la ṣe máa fi tó o létí nígbà tí ìwọ gan-an ti kú? Mo ní a ti ṣe fídáù rẹ. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní ta ló sọ pé òun kú. Màámi, ìgbà yẹn ni a jọ mọ̀ ọ́n, èmi àti òun, lójú kan náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lanu sọ ọ́. Bàbá ni.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka ibi tó kàn yìí. Gàní ní òun kàwé ọdún méjì ní Mánsẹ́sítà. Ilé tó háyà tutù tó bẹ́ẹ̀ tí omi inú ife máa ń dì kí ilẹ̀ tó mọ́. Nínú ilé yẹn ló ti bá Hẹ́lẹ́nì pàdé, òyìnbó obìnrin kan tó ń kọrin, àti ọkùnrin méjì, ọ̀kan onílù, ọ̀kan onígìtá. Gàní rí dùùrù oníná kan tí wọ́n jù sórí ààtàn, ó gbé e wálé, ó tú u bí Bàbá ṣe kọ́ ọ láti máa tú rédíò, ó sì dún. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀tútù ilé náà ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ wọn lórúkọ. Ẹ̀yìn ilé ọtí ni wọ́n kọ́kọ́ ti ń ṣeré, fún èèyàn méje, tí ẹni tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ wà lára wọn. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó búrẹ́dì ni wọ́n fi ń kó ẹ̀rọ wọn káàkiri. Nígbà tó di ọdún kẹta, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní òun á gbé àwo wọn jáde. Gàní fi ilé ìwé sílẹ̀.

Ó pe Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù láti sọ fún un. Ó ní òun rò pé Bàbá á bínú, àmọ́ pé á yé e bópẹ́ bóyá, nítorí iṣẹ́ ohùn kan náà ni. Bàbá tẹ́tí sí i títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní ọmọ tí ìlú dáwó rán lọ kàwé ti kú, pé kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ má pe òun mọ́. Gàní rò pé ìbínú ló ń sọ̀rọ̀. Ó tún pè, nọ́ńbà ò wọlé mọ́. Ó kọ lẹ́tà mẹ́rin sí ṣọ́ọ̀bù. Kò rí èsì. Ó gbà pé gbogbo ilé ló ti kẹ̀yìn sí òun, ó sì dákẹ́.

Ẹ̀yin rántí ọ̀sẹ̀ náà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Bàbá wọlé, ó jókòó sórí àga láìbọ́ bàtà, ó ní wọ́n pe òun láti Ìlú Ọba, mọ́tò ti pa Gàní, àwọn mùsùlùmí ibẹ̀ sì ti sin ín lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹ̀sìn ṣe là á kalẹ̀. Ẹ ṣubú lulẹ̀. Mo rántí pé àwọn obìnrin mẹ́ta ló gbé yín dìde. Lọ́jọ́ fídáù, Bàbá ò jókòó ti àwọn áfáà, ẹ̀yìn ilé ló dúró sí. Kò fẹnu kan oúnjẹ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, kò fọwọ́ kan agbóhùnsókè mọ́sálásí mọ́, ó fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹnu lásán ló fi ń pèrun títí ọlọ́jọ́ fi dé. A ní ìbànújẹ́ ni. Ìbànújẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí a rò.

N ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa Bàbá. Ó kú kí n tó lè bi í léèrè. Ojú àwọn tó dáwó ló ń tì í, mo mọ̀, nítorí ó sàn lójú rẹ̀ kí ìlú bá a kẹ́dùn ju kí ìlú fi ọmọ rẹ̀ olórin ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ńkọ́? Ó rí yín bí ẹ ṣe ń gbààwẹ̀ nítorí òkú tí kò kú, kò sì sọ̀rọ̀. Mo gbé fọ́tò rẹ̀ tó wà lórí tábìlì mi dojú bolẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀. Mo ti gbé e dìde báyìí. N ò tíì lè wò ó lójú pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wọn, kí ẹ má baà rò pé ọmọ yín ń jayé nígbà tí ẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀. Àwo kejì wọn ló gbayì. Rédíò ń lù ú, gbọ̀ngàn ń kún, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣeré láti ìlú dé ìlú, tí wọn ò mọ ibi tí àwọn ti ń sùn. Àwo kẹta, kò sẹ́ni tó rà á. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé wọn jáde kọ̀ wọ́n sílẹ̀, onígìtá bínú lọ, kò sì bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Gàní fi ń tún fóònù ṣe nínú ìsọ̀ kékeré kan láàárín ọjà, tí Hẹ́lẹ́nì ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin nílé ìwé. Ní ọjọ́ ìsinmi, àwọn méjèèjì àti onílù á pàdé níbi tí onílù ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí, wọ́n á ṣeré fún ara wọn. Gàní ní ìgbà yẹn gan-an ni orin wọn dára jù, kò kàn sẹ́ni tó gbọ́ ni.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí fi orin àtijọ́ wọn kan jó lórí fóònù. Ọmọ ẹlòmíràn tún un jó, ẹlòmíràn tún un jó. Kó tó di oṣù mélòó kan, àwọn tí wọ́n gbàgbé wọn ti ń pè wọ́n láti ìlú kan sí ìkejì. Orin yẹn ni ohùn Bàbá wà nínú rẹ̀. Gàní ti mú kásẹ́ẹ̀tì kan dání láti ilé, èyí tí Bàbá fi ń dán ẹ̀rọ mọ́sálásí wò. Ọ̀sẹ̀ tí Bàbá ní kó má pe òun mọ́ ló fi í sínú orin. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní kò sí ibòmíràn tí Bàbá ti tún ń pe orúkọ òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ Àtàláátà yẹn, mo ní kó má lọ ṣeré kankan mọ́, pé ara rẹ̀ ò tíì le. Kò gbà. Hẹ́lẹ́nì wọ àgọ́ wa, ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó bi í bóyá kí àwọn yọ orin náà kúrò. Gàní ní rárá, ṣùgbọ́n òun máa yọ ohùn Bàbá, òun ò lè gbọ́ ọ lójú èrò lọ́jọ́ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó ti kú.

Oòrùn wọ̀, a kírun Mọgaríbì, èrò kún. Mo dúró lẹ́nu àgọ́. Nígbà tí orin náà dé ibi tí ohùn Bàbá ti máa ń wọlé, gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Gàní gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù, ó tẹrí ba. Màámi, àfi bí àwọn ọmọ Lárúbáwá yẹn ṣe gbà á sọ. Gbogbo wọn, àwọn ọmọkùnrin tó wọ jalabíà funfun, àwọn ọmọge tó wé ìborí dúdú, wọ́n ké e lẹ́ẹ̀kan náà, ní Yorùbá, wọ́n tiẹ̀ wú ikọ́ náà: “Gàní, ṣé ó ń dún?” Wọn ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Wọn ò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn wà nínú rẹ̀, pé ẹni náà ló dúró níwájú wọn yẹn. Wọ́n ti gbọ́ ọ títí ó fi mọ́ wọn lẹ́nu ni. Gàní jókòó sílẹ̀ pẹlẹbẹ, onílù rẹ̀ ló gbé orin náà dé òpin. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń dáhùn pé ó ń dún, Bàbá, ó ń dún. Èmi ni.

Ó yẹ kí wọ́n wọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn ní ọjọ́ kejì. Hẹ́lẹ́nì ló ní kò sí eré mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ẹni tó wà láìsí èrò fún ọdún mẹ́sàn-án kò ní kú nítorí ọ̀sẹ̀ méjì. Òun àti onílù padà sílé, Gàní dúró.

Ó fẹ́ lọ ṣe ọ́múrà, ìyẹn hájì kékeré, fún Bàbá ní Mẹ́kà. Mo pe Mùbáráàkù, ọmọ Àǹtí Sìkírá tó ń kọ́ òfin ẹ̀sìn níbẹ̀, tó ń gbé ní àdúgbò Járúwàlì. Àǹtí, ọmọ yín ṣe bí ọkùnrin, ẹ kú àbójútó. Ó ní ẹni tí kò bá tíì ṣe ti ara rẹ̀ kò lè ṣe ti ẹlòmíràn, kí Gàní kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Gàní fà sẹ́yìn. Ó ní ti Bàbá rọrùn, pé òun ò mọ ojú tí òun máa fi ṣe ti ara òun, torí ó ti pẹ́ tí òun ti kírun dáadáa. Mùbáráàkù ní ẹni tí ìrun rẹ̀ pé nìkan kọ́ ni wọ́n kọ́ ibẹ̀ fún. Mo tún ní kó bá wa béèrè nípa fídáù tí a ti ṣe. Ó bi olùkọ́ rẹ̀, èsì tó mú wá ni pé a ò jẹ̀bi, ohun tí wọ́n sọ fún wa la gbà gbọ́, àdúà tí a sì ṣe fún ẹni tó wà láàyè kò ṣòfò.

Gàní wọ ìhírámù, aṣọ funfun méjì tí wọ́n fi ń ṣe ọ́múrà, ní Jẹ́dà lọ́jọ́ Àlàmísì, a lọ. Nígbà tó ń yí Kábà po, kò lè ka ìyípo rẹ̀, Mùbáráàkù ló ń kà á fún un. Wọ́n fá orí rẹ̀. Lẹ́yìn tó sinmi, Mùbáráàkù mú un jáde lọ sí mọ́sálásí Táníìmù, níbi tí ẹni tó bá ti wà ní Mẹ́kà ti ń gbé ọ́múrà mìíràn, ó tún ìhírámù wọ̀, èyí jẹ́ ti Bàbá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Mo ní kó jẹ́ kí a fi kẹ̀kẹ́ tì í láàárín òkè Sàfá àti òkè Mọ́ríwà, ó kọ̀. Nígbà tó parí, kò sí irun kankan tí wọ́n máa gé mọ́, onígbàjámọ̀ kan fi abẹ gba orí tí wọ́n ti fá náà kọjá lásán, Gàní fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo bi Gàní bóyá ó ti dárí ji Bàbá. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní òun ti bẹ Ọlọ́hun pé kó dárí jì í ná, pé tòun á tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Ibi tí mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí tì sí nìyí, Màámi. Mo fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ parí rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ̀yin nìkan lẹ lè wò ó kí ẹ sọ pé òun kọ́. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ yìí, kí n tó fi ránṣẹ́, ìpè yín wọlé. Ẹ ò kí mi. Ẹ ní kí n gbé fóònù fún ẹni náà. Mo tẹ̀ ẹ́ kó dún síta, ẹ dákun, ẹ má bínú, mo fẹ́ gbọ́.

Ẹ bi í léèrè ohun tí ẹ tẹ̀ lé e lọ́wọ́ ní gáréèjì lọ́jọ́ tó ń lọ, tí ẹ ní kó má sọ fún Bàbá. Èmi gan-an ò mọ̀ pé ẹ fún un ní nǹkan kan. Ó ní yẹtí wúrà yín ni, ẹyọ kan, pé ẹ ní kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ òun kí ìkejì wà lọ́dọ̀ yín. Ó wá sọ pé kò sí lọ́wọ́ òun mọ́. Ó ní òun tà á nígbà ọ̀tútù àkọ́kọ́, òun fi ra bùláńkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ foríji òun.

Mo rò pé ẹ ti tún pa fóònù. Fúnmiláyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹ béèrè bóyá bùláńkẹ́ẹ̀tì náà nípọn.

Ẹ̀yin ò rí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú, bó ṣe ga tó yẹn, ó ń mi orí bí ọmọdé, kò rántí pé ẹ ò rí òun. Èmi ni mo bá a dáhùn. Mo ní ó nípọn, Màámi.

Lẹ́tà yìí á ṣì jáde, nítorí ará ìlú. Tí ìsinmi mi bá ti bọ́ sí i, àwa méjèèjì ń bọ̀ nílé. Mo bẹ Bàbá Lémọ́mù kí wọ́n kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí àwọn àgbà má baà rí i lójijì kí wọ́n ṣubú, kí ẹnikẹ́ni má sì sá fún un lójú títì. Ẹ̀yin tí ẹ dáwó, ó ní òun fẹ́ dúró níwájú yín fúnra òun, kí ẹ bi òun ní ohun tó bá wù yín.

Kí Ọlọ́hun dá ẹ̀mí yín sí dè wá, Màámi. Kó fi àlàáfíà bo gbogbo ilé, kó ṣàánú Bàbá wa, kó má jẹ́ kí irọ́ tún gba àárín wa kọjá. Ẹ bá wa kí tọmọdé tàgbà, kí ẹ sì kí àwọn tí n ò rántí dárúkọ.

Àwa ni ọmọ yín,
Rùkáyátù àti Gàní.